Yàrá Ìyá Rẹ Kékeré Kò Sí Lórí Ìwé

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ibido, Ṣàgámù.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Hàrúnà ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka owó fún ọ, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ gba ìkíni. O fi 400,000 náírà ránṣẹ́. Èyí tó dé ọwọ́ mi jẹ́ 399,950, nítorí báńkì yọ àádọ́ta náírà nínú rẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì pé ta ni mo fún ní àádọ́ta náírà, ó ní ìjọba ni. Mo ní kó bá mi kí ìjọba, ṣùgbọ́n kó sọ fún wọn pé àwa náà ń kọ́lé lọ́wọ́. Àwọn tó ṣán ilẹ̀ tí wọ́n sì hú kùkùté gba 85,000. Èèkàn àti okùn, 14,500. Yanrìn típà kan, 145,000, mo sì dúró tì í títí ó fi dà á tán, kí wọ́n má baà gbé ìdajì rẹ̀ padà. Kàbírù bíríkìlà gba 60,000 sílẹ̀. Ìwé ilé tí wọ́n tẹ̀ fún mi ní Ìlíṣàn, 3,000, ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀, 2,400. Ìkọ́kọrẹ́ tí mo sè fún àwọn òṣìṣẹ́, 9,600, ẹja ló wọ́n, kì í ṣe ewùrà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 319,500. Ó ku 80,450, ó wà nínú agolo tí o mọ̀.

Wàyí o, ṣé dáadáa lo wà? Kareemat aya rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun? Ọlọ́hun tó ń ṣọ́ obì nínú apẹ̀rẹ̀ tí kòkòrò kò fi ráyè wọ̀ ọ́ yóò máa ṣọ́ yín ní Èkó. Ẹ kò ní fi owó yín ra oògùn. Ohun tí ẹ bá rà ní pọ́ọ́kú, ẹ ó tà á ní ọ̀wọ́n. Àmín.

Nílé níbí, ara wa le, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń dùn mí bí òjò bá ṣú. Ògiri ẹ̀yìn ilé bàbá yín tún ti lanu sí i nínú òjò ọdún yìí, aláǹgbá ti ń gba inú rẹ̀ kọjá láì tẹrí ba. Obì gbànja wọ́n, àwọn ará Sábó sì ń wá a kiri. Ìyá rẹ kékeré ta apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ta mẹ́ta. Kì í ṣe pé ó mọ obì tà jù mí lọ, ẹ̀rín rẹ̀ ló ń tà á.

Mo fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò pè ọ́, nítorí fóònù máa ń jẹ owó, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sì í dúró kí ènìyàn tún un kà. Raqeebah àbúrò rẹ ní òun lè ya fọ́tò rẹ̀ kí òun sì fi í ránṣẹ́ sí ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní rárá, torí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ kékeré tó bí i ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó ni mo fún, ó gba 1,000. N kò kà á mọ́ tìrẹ, èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ilé tí o ní kí wọ́n yà dé sórí fóònù Raqeebah. Ó fi ìka méjì fẹ ilé náà kí n lè rí i dáadáa, mo yára di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní kó má fẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, a kò lówó ilé tó tóbi tó yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ilé lè dúró sójú kan.

Ẹni tó yà á ṣiṣẹ́. Kọ́mọláfẹ́ lorúkọ tí mo rí nísàlẹ̀ ìwé, n kò rò pé Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó bọ̀wọ̀ fún wa, nítorí ó ya òṣùpá kékeré sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan. Mo kà wọ́n, mẹ́sàn-án ni. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún kọ 1:100 síbẹ̀, ó sì yé mi, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún ni owó tirẹ̀. Kò wọ́n. Àwọn tó ń bá wa wá oníbàárà ní Sábó ń gba márùn-ún.

Owó yàrá ló bà mí lẹ́rù. Ó kọ iye rẹ̀ sínú yàrá kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń kọ ọ́ sára apẹ̀rẹ̀, iye obì lọ́nà iye owó. Yàrá tèmi, 3600 × 3600. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ́ 12,960,000. Tìrẹ àti Kareemat, 3600 × 4200, ìyẹn 15,120,000. Pálọ̀ tí a kàn fẹ́ máa jókòó sí, 28,800,000. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan péré, 1200 × 1800, ó jẹ́ 2,160,000. Hàrúnà, iye tí yàrá rẹ fi ju tèmi lọ, owó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan géérégé ni. N kò bínú. Kàbírù ní kì í ṣe owó, pé bí yàrá ti gùn tó àti bó ti fẹ̀ tó ni wọ́n kọ. Mo wò ó lójú. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń ta obì, bíríkìlà tó bá ní kí n má ka àmì ìsọdipúpọ̀ sí owó, ó fẹ́ kí n ná an láì mọye ni. Ó ní bí Ìyá bá ṣe rí i náà ni.

Ohun tó wá gbé mi dé ìdí bírò gan-an nìyí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá mi, lẹ́yìn ògiri tí ibùsùn mi yóò fara tì, wọ́n ya ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wọ́n sì fún un ní 3000 × 6000. Ṣé o ti ra ọkọ̀ ni, tí o kò sọ fún ìyá rẹ? Bí o bá ti rà á, Ọlọ́hun yóò jẹ́ kó gbé ọ lọ kó sì gbé ọ bọ̀. Bí o kò bá tíì rà á, gbọ́ mi. Mílíọ̀nù méjìdínlógún ni yàrá ọkọ̀ tí a kò ní. Mo sì wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo yí i po, mo tún un wò, Kàdíjátù ìyá rẹ kékeré tí a ní, kò ní yàrá níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé o kò fi ìkà ṣe é. O ní o fẹ́ kọ́lé fún ìyá rẹ, o sì gbàgbé pé méjì ni bàbá yín, kí Ọlọ́hun forí jìn ín, fi wá ṣe.

Ọjọ́ Mọ́ńdè tí Kàbírù na okùn sórí ilẹ̀ wa lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́, èmi àti ìyá rẹ kékeré la jọ lọ. Mo ń wọ inú okùn lọ láti yàrá dé yàrá, mo ń sọ pé ibí ni tèmi, ibí ni ti Hàrúnà, ibí ni àwọn ọmọ yóò sùn bí wọ́n bá wá ṣọdún. Kàdíjátù gbé abọ́ oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ sórí, ó ń bá mi bọ̀ láti ẹ̀yìn okùn, kò wọlé. Nígbà tí mo ka yàrá tán, ó sọ fún Kàbírù pé, “Èmi á máa kí wọn láti ojú títì.” Ó rẹ́rìn-ín, Kàbírù náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó fi ń ta obì kọ́ nìyẹn.

Nígbà tí a délé, mo rí i tó ń fi ewé tí a fi ń di obì di àwo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní Raqeebah ti ní kí òun wá máa bá a gbé ní Ìlíṣàn, nínú ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà. Mo ní ta ni yóò ra gbànja lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní òun á máa ta búrẹ́dì. Obìnrin tó lè fi ojú lásán mọ obì tí kòkòrò wà nínú rẹ̀, òun ni yóò máa ta búrẹ́dì.

Ọmọ mi, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ògiri kan ṣoṣo ti wà láàárín èmi àti Kàdíjátù. A ti gba inú ògiri yẹn bú ara wa rí, o gbọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n bí ààwẹ̀ bá dé, òun ló ń kan ògiri fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n lè dìde jẹ sààrì, torí oorun mi wúwo. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, ó ń kàn án láràárọ̀, ààwẹ̀ ìbáà wà tàbí kó má wà, èmi náà á kàn án padà. Kò ju kí kálukú mọ̀ pé ẹnìkejì jí. Nínú ilé tuntun, ta ni yóò máa kan ògiri fún mi, ṣé ọkọ̀ ni?

Mo wá ṣírò rẹ̀. Mo pín 3000 × 6000 ti ọkọ̀ sí méjì, ó di 3000 × 3000 ọ̀nà méjì, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Èyí tó fara kan ògiri mi jẹ́ ti Kàdíjátù, ìkejì jẹ́ ti obì, torí obì fẹ́ ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ mílíọ̀nù méjìdínlógún, n kò fi kọ́bọ̀ kan lé owó rẹ. Bí ọkọ̀ bá dé lọ́jọ́ kan, kó máa sùn síta. Ọkọ̀ kì í ní orúnkún tó ń dùn ún.

N kò lè dúró de èsì rẹ, torí Sátidé tó kọjá ni Kàbírù fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó sì ní bí òun bá ti gbẹ́ ẹ, òun kò ní dí i mọ́. Ni mo bá mú èèkàn tó ṣẹ́kù, mo kàn án mọ́lẹ̀ fúnra mi. Kàbírù ní òpó méjì péré ló wà níbẹ̀ lórí ìwé, kò sí ògiri, nítorí náà owó gbígbẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, 38,000. Mo ní kó gbẹ́ ẹ. Nígbà tí Kàdíjátù gbé omi dé, mo ní kó wọlé. Ó ní ilé wo. Mo fi ibẹ̀ hàn án, mo ní Hàrúnà ló ní kí a gbẹ́ ẹ fún un. Ó gbé omi kalẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó dá kòtò náà kọjá, ó sì dúró sáàárín. Lẹ́yìn náà ló ní fèrèsé tí Kàbírù sàmì sí kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, pé ṣé a fẹ́ kí ooru pa òun ni. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ kì í jà sí fèrèsé.

Nítorí náà, Hàrúnà, o ti sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò tíì gbọ́. Má jẹ́ kí n di òpùrọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun.

Ohun tí mo ń tọrọ nìyí. Búlọ́ọ̀kù ọ̀ọ́dúnrún ní 900 náírà jẹ́ 270,000. Mo ní 80,450, ó ku 189,550 tí o máa fi ránṣẹ́ sí mi, kí o sì fi àádọ́ta lé e fún ìjọba. Ti Kàbírù, 38,000 yẹn, mo lè san án nínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi. N kò ní san án. Yàrá tí ìyálé bá fún ìyàwó, ìyálé lè bínú gbà á padà lọ́jọ́ kan, o sì mọ̀ mí. Yàrá tí ọmọ bá kọ́ fún ìyá rẹ̀, kò sí ẹni tó lè lé e níbẹ̀. Ìyá rẹ kékeré ni kí o fi í ránṣẹ́ sí, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án, kí o sì pè é kí o bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí.

Ilé yìí yóò gbà wá, kò ní gba ọ̀fọ̀. Àwọn ọmọ rẹ yóò sáré nínú rẹ̀ títí a ó fi máa bá wọn wí. Bí o ti rántí ilé, ilé kò ní gbàgbé rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ àgbà.

Gbèsè tó wà nílẹ̀: gbígbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá ìyá rẹ kékeré, 38,000 náírà. Orúkọ rẹ ni mo kọ sí i. A kò tíì san án.