Ẹ̀rọ Tó Ń Wọn Sùúrù

Hephzibah ọmọ mi,

Èmi Olóyè Alàgbà Zachariah, baba rẹ, ọ̀gá gbogbo onísùúrù láti Ọ̀kà títí dé Ìkàrẹ́, ni mo jókòó lórí àga mi tí mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí sí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Àbújá ò le jù? Olúwa tó gbé òkè Ọ̀kà ró tí òkúta rẹ̀ kò fi yí lu ilé wa, òun náà ni yóò gbé ọ ró. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ Safurat aládùúgbò wa ti jẹ èèpo iṣu tán, ó ti bọ́ sórí iṣu gan-an, ṣùgbọ́n mi ò sọ̀rọ̀, wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìjọ wa ń wá ọ̀kan nínú àwa alàgbà tí yóò máa parí ìjà. Èmi àti Adéṣínà, bíríkìlà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ni wọ́n dárúkọ. Pásítọ̀ ní ẹni tó máa parí ìjà ẹlòmíì gbọ́dọ̀ lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Mo ní ṣé sùúrù nìyẹn? Ó ní sùúrù wà nínú ẹ̀, ìfaradà wà nínú ẹ̀, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì náà wà níbẹ̀. Mo lọ rò ó délé. Sùúrù ni kéèyàn jókòó nínú ọkọ̀ Ìkàrẹ́ títí yóò fi kún. Ìfaradà ni kí ìyàwó ẹni máa sọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò, kéèyàn sì máa dáhùn hẹn, hẹn. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni kéèyàn ṣíwọ́ iyán nígbà tí ọbẹ̀ ò tíì tán, èyí ló le jù. Ṣùgbọ́n ìkóra-ẹni-níjàánu, òun ni kí inú máa bí ọ, kí ọwọ́ rẹ ti tó igi, kí o sì fi igi náà sílẹ̀ síbi tó wà.

Àfi bí Lucy nọ́ọ̀sì ṣe gbé ẹ̀rọ kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láti Ìkàrẹ́. Ó fi aṣọ kan wé mi lápá, aṣọ náà wú bí ọ̀pọ̀lọ́, ó di apá mi mú pinpin, nọ́ńbà sì jáde. Lucy mi orí. Ó ní Bàbá, ó ti ga jù o, ẹ rọra, ẹ yé bínú, ẹ kó ara yín níjàánu. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀rọ sùúrù ni. Òyìnbó ṣe é kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń díbọ́n. Wọ́n wọn Adéṣínà, Adéṣínà tó ju àpótí lu àkùkọ nítorí pé ó kọ nígbà tí òun ń gbàdúrà. Lucy ní tirẹ̀ dára bíi ti ọmọdé. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Adéṣínà ní Alàgbà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún yín ní sùúrù. Mo ní àmín.

Lucy fún mi lóògùn, mi ò lò ó. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ìkórè ni wọn yóò tún wọ̀n wá kí wọ́n tó mú ẹni náà. Ẹni tó bá gbé oògùn mì kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí ló fi yàtọ̀ sí ọmọ tó kọ ìdáhùn sápá wọ gbọ̀ngán ìdánwò? Sùúrù tèmi, àtinú wá ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń wo ewúrẹ́ níran.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, a fẹ́ ra iṣu mìíràn. Kí o fi díẹ̀ lé e fún àbúrò rẹ Caleb, ọmọ jẹ́jẹ́, tí bàtà rẹ̀ ti yanu. Ibi tí wọ́n ti ń lé èèyàn, wọn yóò gbé àga fún ọ. Àmín.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Caleb ni mo kọ ọ́. Bàbá ò mọ̀ pé mò ń kọ ti ìsàlẹ̀ yìí. Bó ṣe ń sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, Olóyè àti bàtà nìkan ni mo fi kún un. Láàárọ̀ yìí ó fẹ́ dìde lórí àga, òyì kọ́ ọ, ó di ògiri mú, ó ní kí n má pariwo. Oògùn ṣì wà nínú ọ̀rá. Màmá bẹ̀ ẹ́, Lucy bẹ̀ ẹ́, ó ní wọ́n fẹ́ kí òun ṣe màgòmágó nínú ilé Ọlọ́run. Ẹ̀yin nìkan ni ó máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó ní tí mo bá jẹ́ kí ẹ gbọ́, a jẹ́ pé mi ò lè kó ara mi níjàánu nìyẹn.

Mi ò lè kó ara mi níjàánu. Ẹ máa bọ̀ nílé.