Ìlà Bàtà ní Seongsu

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹta

À ń fi iyọ̀ ra kábéèjì tí a fi ń ṣe kimchi lọ́wọ́ ní ìsọ̀ nígbà tí Ìyá Dong-ha, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, là á sílẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òjò ló ń sọ. Ó ní, "Ìyá Gyu-tae, mo rí ọmọ yín ládùúgbò Seongsu lánàá o. Iwájú ìsọ̀ bàtà tuntun kan ló dúró sí." Mo ní ṣé ó dá a lójú. "Ẹni tó ń jẹ kimchi mi láti kékeré, ṣé òun ni mi ò ní dá mọ̀? Ó dé fìlà dúdú. Ó ti rù o, Ìyá Gyu-tae."

Ọwọ́ mi dúró sínú omi iyọ̀. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ̀ ní oṣù Kẹrin èṣí, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà á pòórá — ìyẹn ni pé ó ti kà á. Kì í dáhùn. Ìdákẹ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí bí mo bá kọ orúkọ rẹ̀, ẹkún ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló fà á. Àgbà Incheon. Níwájú àwòrán òkú, níwájú gbogbo àlejò, ó nawọ́ sí ọmọ mi: "Ìwọ lo pa á. Iṣẹ́ gidi tí o kọ̀wé fi sílẹ̀ ló pa á." Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó tẹríba, ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ.

Ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀ ni ìrántí ọdún kan. Àkọ́bí ọkùnrin ló ń bu ọtí fún bàbá. Bí Ìdákẹ́ kò bá wá, ta ni yóò bù ú? Kí ni bàbá rẹ̀ yóò rò pé mo sọ ọmọ òun dà?

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹta

Adájọ́ pè láti Suwon. (Bo-ram, ọmọ mi obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni. Kò sí ẹjọ́ tí kì í dá.) Mo sọ fún un. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wálé mọ ọ̀nà." Mo ní ẹni tó sọnù ńkọ́? "Kò sọnù. Ó ń ka ọ̀rọ̀ yín."

Òótọ́ ni. Òun gan-an ló ń dùn mí jù.

Ọ̀rọ̀ Adájọ́ náà ń dùn mí. Orí ìdúró ló ti ń jẹ núdù, iṣẹ́ òru lé iṣẹ́ òru, kò sí ẹni tó ń fẹ́. Nígbà tí mo béèrè, ó ní aláìsàn kan ń pe òun. Ó jọ pé àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn yẹn kì í pè é, àfi nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ọkọ.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹta

Mo kọ ránṣẹ́: Ṣé o ti jẹun? Ó kà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹta

Mo lọ sí Seongsu. Mo sọ fún Ìyá Dong-ha pé eyín ló ń dùn mí.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà aláwọ nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ìsọ̀ aṣọ àti kánfáàsì ló kún ibẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, mélòó ni wọ́n ṣí! Òdòdó ìkíni kú oríire ṣì tò sẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ wọ èyí tó tóbi jù. Ọmọ kan tó wọ ṣòkòtò tó lè gba èèyàn mẹ́ta dá mi dúró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Màmá, ẹ tẹ nọ́ńbà fóònù yín síbí. A ó pè yín tó bá kàn yín."

Mo ní, "Ọjà ni mo fẹ́ wò, n kò wá gba oògùn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gbogbo wọn tí ẹ rí yìí ló tẹ̀ ẹ́, Màmá. Tẹ́ ẹ bá rí dókítà nínú, ẹ bá mi kí i."

Mo dúró. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì. Nígbà tó kàn mí — ògiri funfun, òtútù, orin tó ń lù mí láyà. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lórí òkúta, iná títàn lé e. Ti òsì ni. Wọ́n gbé e kalẹ̀ bí a ti í gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún òkú, àwọn ọmọdé sì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wọn kò kọ iye sára nǹkan kan. Ẹni tó bá béèrè ti fi hàn pé apá òun kò ká a.

Mo fi àwòrán Ìdákẹ́ han ọmọbìnrin tó ń tajà. "Ẹ bí ọmọ tó rẹwà o, Màmá. Àmọ́ mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo ra ìbọ̀sẹ̀ kan. Ojú ló tì mí.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹta

Orúnkún ń ro mí. Òjò. Kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹta

Ìsọ̀ mẹ́ta lónìí. Ilé kan wà tí ògiri rẹ̀ ń ṣí, tí bíríkì ń yọ eyín, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹwà ni wọ́n pè é. Ògiri ilé ìgbọ́nsẹ̀ mi rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sẹ́ni tó wá yà á ní fọ́tò rí.

Ní ìsọ̀ kẹta, ọmọbìnrin kan tó pa irun rẹ̀ láró wo àwòrán náà pẹ́. Ó ní, "Màmá, ṣé inú ìsọ̀ ni wọ́n ti rí i, àbí ìta?" Mo ní ìta. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Á jẹ́ pé ó ń bá èèyàn tò ni. Àwọn olówó máa ń gba ẹni tó máa bá wọn sun orí ìlà. Ilé iṣẹ́ kọ̀ ọ́ o, àmọ́ wọ́n ń ṣe é. Bàtà kan máa jáde níbí ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ wá láàárọ̀ kùtù, kí ilẹ̀kùn tó ṣí." Ó fún mi lómi. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni.

Ọmọ tí a torí rẹ̀ ta oko ápù ní Yesan kó lè lọ yunifásítì. Ẹlòmíràn ń sùn lórí ibùsùn, ọmọ mi ń bá a dúró ní títì.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹta

Mo sọ fún Adájọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ ni, Mọ́mì."

"Iṣẹ́ kí ni? Kéèyàn kàn dúró?"

"Èmi náà, ìdúró ni mò ń ṣe láti alẹ́ dòwúrọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ń jókòó ní ìsọ̀ ni?" Kó tó pa fóònù: "Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ lọ. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé oúnjẹ dání."

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹta

Mo ti fi ewé òkun wé ìrẹsì. Mo yọ kùkúńbà kúrò, Ìdákẹ́ kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Bí n kò bá kọ ọ́, màá máa sọ ọ́ fún ara mi lọ́nà mìíràn.

Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo wọ̀. Ìlà náà ti yí igun ilé po — àga tí à ń ká, kúbùsù, àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí imú wọn pọ́n. Ìdákẹ́ wà nítòsí iwájú. Fìlà dúdú. Ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín bí ọrùn ọmọ iléèwé.

Mo kígbe: "Gyu-tae o! Gyu-tae!" Gbogbo ìlà yíjú. Òun nìkan ni kò yíjú. Mo rò pé orin ló wà létí rẹ̀. Mo sáré bá a, mo gbá a léjìká mú.

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ ṣì mí mú, Màmá."

Màmá. Bí ọmọ ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe ń pè mí. Kì í ṣe Mọ́mì.

"Èmi? Èmi tí mo bí ọ?"

Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Brọ̀dá, ẹ gba oúnjẹ yín jàre, ẹ fún wa jẹ níbẹ̀!" Ọmọ mi tún sọ ọ́, ó rọra sọ ọ́: "Ẹ ti ṣi èèyàn mú." Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Mo rí i. Mo rí i, n kò mọ ohun tó ń bẹ̀.

Ọkùnrin ilé iṣẹ́ náà dé, ó ń yẹ orúkọ wò lórí fóònù ńlá ọwọ́ rẹ̀. Ó fara balẹ̀ bi mí pé, "Màmá, kí lẹ pe brọ̀dá yìí?"

Mo rò pé ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Mo nàró. "Noh Gyu-tae ni. Àkọ́bí mi ni. Yunifásítì ló jáde, ìṣirò ló kà."

Ọkùnrin náà wo fóònù ńlá rẹ̀. "Pyo Min-hwan ló wà níbí."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ — kó má bàa tún tò ní ìsọ̀ wọn mọ́, èyí tó wà níbí àti èyí tó wà níbòmíràn. Ẹni tó gbà á síṣẹ́, Pyo Min-hwan gangan, wà nínú mọ́tò lódìkejì. Ó yí gíláàsì mọ́tò sílẹ̀, ó wo ọmọ mi, ó yí i padà sókè, ó wakọ̀ lọ. Kò tilẹ̀ bú u.

Mo ń sáré tẹ̀ lé e, abọ́ oúnjẹ ń mì lọ́wọ́ mi. Abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin ló dúró sí. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ pariwo! Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún yín pé ẹ ṣì mí mú, Mọ́mì. Kí ló dé tẹ́ ò kàn lè ṣì mí mú?"

Mo ní, "Ọjọ́ kẹfà. Wá bu ọtí fún bàbá rẹ."

"Ṣé Bàbá Incheon máa wà níbẹ̀?"

"Àgbà ilé ni. Báwo ni mo ṣe máa ní kó má wá?"

Ó mi orí. Mo na abọ́ náà sí i. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á, ó tẹríba kanlẹ̀, bí a ti í ṣe fún ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹta

Mo kọ ránṣẹ́: Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Nọ́ńbà kékeré náà ṣì wà níbẹ̀. Kò kà á.

Ọjọ́rú, 29 Oṣù Kẹta

Ó ṣì wà níbẹ̀. Ìyá Dong-ha ní, "Bí ológbò ni wọ́n, àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ lé wọn, wọ́n á sá. Ẹ gbójú kúrò, wọ́n á wá jókòó lé yín lẹ́sẹ̀." Mo ní ṣé Dong-ha náà ti wá jókòó lé e lẹ́sẹ̀? Dong-ha ń bẹ ní Busan, kò wálé fún ọdún tuntun. Ó ju kábéèjì sínú abọ́, omi ta sí mi lójú.

Kí ni mo fi ẹnu mi ṣe yìí? Mo ra kọfí fún un. Ó gbà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kẹrin

Mo padà lọ. Òdòdó ṣẹ́rì ti tanná ní gbogbo títì, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin onírun aró ní, "Kò wá mọ́, Màmá. Ẹni tí wọ́n bá ti ya fọ́tò rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tún gbé iṣẹ́ fún un ládùúgbò yìí." Mo ní níbo ni wọ́n ń gbà lọ? "Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣí ìsọ̀, Màmá. Hannam. Hongdae. Ibi gbogbo."

Mo wọ gbogbo ìsọ̀ tó ṣí. Ọmọ ẹnu ọ̀nà ní, "Ẹ tún dé? A ó kúkú bá yín gbé àga kalẹ̀!" Àwàdà ni. Mo rẹ́rìn-ín kí ó lè fi mí sílẹ̀ kí n wọlé.

Kò sí.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹrin

Mo tẹ́ tábìlì. Ẹja, ẹran, èso pupa níhà ìlà-oòrùn, èso funfun níhà ìwọ̀-oòrùn. A ṣí ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ díẹ̀ kí bàbá wọn lè ráyè wọlé. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ agbéniròkè bá dún, ojú mi á lọ síbẹ̀. Kí bàbá wọn foríjì mí: kì í ṣe òun ni mo ń wò fún.

Àgbà Incheon wo aago. "A ò ní dúró de aláìgbọràn." Ó ní kí ọmọkùnrin òun dìde kó bu ọtí náà.

Bo-ram ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Èmi ni màá bù ú, Bàbá Incheon."

"Obìnrin?"

"Ọmọ rẹ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó bu ọtí. Adájọ́ mi. Àgbà Incheon kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n ó tẹríba nígbà tí a tẹríba.

Bàbá wọn ti mu ọtí rẹ̀. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹrin

Wọ́n gbé páálí kan sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Kò sí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́, àfi tèmi. Bo-ram, tó sùn síbí, ló tú u. Kánfáàsì. Funfun, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn, ó rọ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi gẹ́lẹ́. Kò sí ìwé nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kan.

Bo-ram pariwo: "Ẹ rí i, Mọ́mì! Ẹ rí i? Ó rántí yín! Kì í ṣe bàtà yẹpẹrẹ nìyí o!"

Mo jókòó sílẹ̀.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n láàárín wa? A kì í fi bàtà ta ẹni tí a fẹ́ kó dúró tì wá lọ́rẹ. Bàtà ni a fi ń sọ fún èèyàn pé kó máa lọ. Bo-ram ní, "Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá-ìyá wa nìyẹn. Ta ló ṣì gbà á gbọ́?" Ìdákẹ́ gbà á gbọ́. Nígbà tó wà ní yunifásítì, ọmọbìnrin kan ra bàtà fún un, èmi gan-an ni mo ní kó sáré lọ fún un ní owó ẹyọ kan. Nítorí pé bí o bá ti san ohunkóhun, o rà á ni, wọn kò fi ta ọ́ lọ́rẹ mọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Àbí ó ti gbàgbé ni? Àbí ó rí ẹsẹ̀ mi ni, àánú ṣe é?

Ní ìrọ̀lẹ́ mo fi ọgọ́rùn-ún won ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Owó tí kò tó ra súìtì. Mo kọ ọ́ sí i: Mo ti san án o. Mo rà á ni. Ẹni tí a fi owó ránṣẹ́ sí ní láti tẹ ibi kan pé òun gbà á. Bí ilẹ̀ bá ṣú tó sì tún mọ́, tí ìrọ̀lẹ́ tún dé, tí kò tẹ̀ ẹ́, owó náà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín.

Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Ìka kan péré ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹrin

Nọ́ńbà kékeré náà pòórá láàárọ̀ yìí. Gbogbo rẹ̀ pátá, títí kan ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ó ti kà á. Mo pe Bo-ram, a jọ sunkún ayọ̀. Ó ní, "Mo sọ fún yín!"

Mo gbé fóònù kalẹ̀ sórí tábìlì, mo jókòó níwájú rẹ̀. N kò lọ sí ìsọ̀.

Ìrọ̀lẹ́. Ó dún.

Owó náà ló padà.