Bá Mi Kí Bàbá Tó Wà Nígun Fóònù Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá yín tó máa ń jágbe mọ́ yín ti rọlẹ̀ díẹ̀? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, kí o má kọsẹ̀, kí ibi má bá ọ pàdé lọ́nà. Tí o bá ń béèrè wa, ara ìyá rẹ le, orúnkún mi nìkan ló ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo.

Owó fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ wa, ìyá rẹ sì ní kí n kọ lẹ́tà láti ṣàlàyé bó ṣe lọ, torí a ò tíì mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára fóònù náà tí lẹ́tà fi ń jáde. O mọ̀ pé ọdún kẹrin nìyí tí o ti wálé kẹ́yìn. Ohùn rẹ nìkan là ń gbọ́, ohùn ò sì ṣe é gbára lé, ṣebí ìwọ náà lo máa ń sọ pé o ti jẹun nígbà tí a ń gbọ́ bí inú rẹ ṣe ń kùn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Fóònù tí n óò fi rí ojú rẹ ni mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, n ò bá nǹkan mìíràn lọ.

Ẹni tó ń ta fóònù kó mẹ́fà kalẹ̀ fún mi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣe káfíńtà, n kì í ra ohun tí n ò tíì gbá wò, mo bá fi ìka gbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá inú wọn ṣófo. Mo dojú wọn délẹ̀, mo wá ibi tí ìṣó wà, n ò rí i. Mo bi í pé kí ló so wọ́n pọ̀, ó ní gọ́ọ̀mù ni. Mo ní àga tí wọ́n bá fi gọ́ọ̀mù nìkan so, ẹni tó bá jókòó lé e ti ṣubú. Ó ní wọn kì í jókòó lé fóònù. Mo ní kò tíì mọ ìyàwó mi.

Ó tún gbé ọ̀kan wá, ó ní èyí ní ìrántí púpọ̀, kì í gbàgbé ohunkóhun. Mo ní kó wá èyí tó ń gbàgbé díẹ̀ fún mi, torí ẹni tó bá ń rántí gbogbo ọ̀rọ̀ kì í bá tọkọtaya gbé pẹ́. Èyí tó wúwo jù ni mo mú níkẹyìn, pákó gidi kì í fúyẹ́.

Ó wá ku nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mẹ́ta ló wà, ọkùnrin náà sì ń yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà, èyí ò sì ran ẹni tó fẹ́ mú ọ̀kan lọ́wọ́. Mo padà sílé, mo yá fóònù tíṣà, ti aránṣọ àti ti awakọ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, torí síìmù wọn yàtọ̀ síra. Mo mú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì, mo ń gbé wọn káàkiri ilé, ibi tí àwọn igi kéékèèké bá ti tò sókè fóònù ni mo ń sàmì sí. Ti tíṣà ò wọlé rárá. Ti aránṣọ dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ti awakọ̀ nìkan ló wọlé, ṣùgbọ́n abẹ́ páànù ló lọ dúró sí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án sílẹ̀. Òun ni mo rà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá mọ ọ̀nà ilé ẹni ni tẹni. Mo kan pẹpẹ sókè níbẹ̀, mo fi àkàbà sí i, èmi àti ìyá rẹ sì ń gùn ún bí adìẹ tó ń lọ sùn.

Orí pẹpẹ yẹn la wà lọ́jọ́ Sátidé tí o pè. A rí ọ. Ìyá rẹ sunkún, ó ní eruku pákó ló wọ òun lójú. O rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ ò yí padà, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé orúnkún mi. Àmọ́ o ò sọ fún wa pé àlejò wà lọ́dọ̀ rẹ. Bàbá kan jókòó sí igun ìsàlẹ̀ fóònù, nínú yàrá bíńtín báyìí, òun àti ìyàwó rẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú rẹ̀, nígbà tí mo sì fi máa ronú ohun tí n óò sọ, fóònù ti kú.

Ọmọlúàbí ni bàbá náà. Tí mo bá juwọ́ sí i, á juwọ́ padà lójú ẹsẹ̀, tí mo bá tẹríba, òun náà á tẹríba. Ìyá rẹ ò fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ ní tiẹ̀, torí obìnrin náà so irú síkáàfù tí òun so gan-an, ó sì ń wo òun tìkà-tẹ̀gbin. Mo rí i pé páànù lásán ló wà lórí wọn, kò sí àjà. Tí onílé bá ń rẹ́ wọn jẹ, sọ fún mi, màá wá kan àjà náà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá rẹ ní bàbá náà jọ mí. Mo ní kó má bú mi. Lóòótọ́, láti ìgbà tí dígí wa ti fọ́ ni mo ti ń fọwọ́ wá irùngbọ̀n mi kí n tó fá a, ṣùgbọ́n mo mọ ojú ara mi. Irun mi dúdú. Ti bàbá yẹn ti funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra dátà, awakọ̀ ní dátà ni fóònù náà ń jẹ. Kó tó dígí kan pẹ̀lú, ìyá rẹ fẹ́ wò ó bóyá síkáàfù náà yẹ òun ju obìnrin yẹn lọ. Ọlọ́run á bù sí àpò tí o ti mú un, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní jábọ́, wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn wọlé bá wa láàyè.

Ohun kan ló kù tí ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí o ń rẹ́rìn-ín, mo wo bàbá yẹn, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó jọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti pẹ́ tí kò wálé. Tó bá ní ọmọ níbì kan nínú ìlú yín, bá mi wá a rí, kí o sọ fún un pé kó tètè lọ wo bàbá rẹ̀, torí ó ti dàgbà ju bí ọmọ náà ṣe rò lọ.

Èmi ni bàbá rẹ, Káfíńtà, tí irun orí mi ṣì dúdú.