Irin Inú Ìbàdí Bàbá Yín

Ọmọ mi, ìyá mi kékeré,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ìwé kíkà ò tíì gbẹ omi ojú rẹ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàárín àwọn àjèjì tí kì í kí ara wọn kò ní í tòògbé lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa náà wà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fi irin sí ìbàdí bàbá yín tó ṣẹ́ ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

O ní kí n má bẹ̀rù, pé irú irin yẹn gan-an lẹ ń yẹ̀ wò níbi iṣẹ́ ìwádìí yín, tí ẹ máa ń kó o pọ̀ mọ́ ẹran ara nínú ìgò láti mọ̀ bóyá ara á gbà á tàbí á kọ̀ ọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló bi ara bàbá yín? Ẹni tí kò tíì gba ọkọ àbúrò rẹ mọ́ra títí dòní, ṣé irin tí wọn ò mọ ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n máa wá gbà?

Káfíńtà iwájú ilé wa ló kó mi láyà jẹ. Ó ní ìṣó tó bá pẹ́ nínú igi, tó bá ti dípẹtà, igi náà ló máa ń jẹ. Bí mi ò ṣe jẹ́ kí omi kan bàbá yín mọ́ nìyẹn. Omi oògùn tí ọsibítù ní kí n máa fi nu ojú ọgbẹ́, mo gbé e pamọ́, aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nù wọ́n. Bàbá yín ní ṣé mo fẹ́ yan àwọn gbẹ bí ẹja ni. Mẹkáníìkì àdúgbò wa tún ní mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú fóònù, ó lè fa irin jáde, ìdí tí a fi ń gbé fóònù sórí fèrèsé nìyẹn, tí bàbá yín á máa pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì bí o bá pè.

Àfi bí ojú ọgbẹ́ ṣe wú, tó gbóná, tí omi tó ń rùn ń jáde níbẹ̀. Mo ní ó tán, ara ti ń lé irin jáde bí onílé ṣe ń lé ayálégbé. Mo gbé etí lé ìbàdí wọn bóyá màá gbọ́ ìjà, mi ò gbọ́ nǹkan kan, bàbá yín ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ìyá wọn tó ti kú. Mo sáré jáde lọ pe èèyàn.

Káfíńtà náà ló bá mi gbé wọn dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì bi mí pé omi oògùn ńkọ́, mo ní mo ń sá fún ìpẹtà ni. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú mi, ó gbé e mì. Ó ní irin ò ṣe nǹkan kan, ìdọ̀tí ló wọ ojú ọgbẹ́, ká ní ó ti dé ìdí irin ni, wọn ì bá tún ìbàdí là. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ títí ibà fi lọ. Lánàá, bàbá yín fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí n yé wo àwọn bí ẹni tó ń wo ẹyin lórí àpáta.

Mo ti ń wẹ̀ wọ́n báyìí, ṣùgbọ́n bí omi bá ti kan ibẹ̀, màá ti yára fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Jọ̀ọ́, fi owó abẹ́rẹ́ tó kù ránṣẹ́, kí o sì bá mi wá fúnra rẹ. Ìwọ lo mọ bí irin àti ara ṣe ń gbé pọ̀, èmi ọkọ mi nìkan ni mo mọ̀.

Ọwọ́ tí o fi ń wá àtúnṣe egungun ọmọ ẹlòmíì, kò ní í rọ. Wàá dé bá wa lórí ìdúró.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.