Yẹ̀rì Mi Lórí Okùn

Mọ́ńdè, 13 Oṣù Kìn-ín-ní, 2025
Lúgbẹ̀. Ọyẹ́ yìí le. Ohun tí mo bá sá, eruku á tún bò ó. Onítọ̀ — ọmọ mi, Ìtùnúolúwa — ti tọ̀ sára gbogbo aṣọ tó ní, ó wá kan tèmi. Mẹ́rúwà ò ti omi dé títí di ọ̀sán. Nígbà tó dé, tó kí mi pẹ̀lẹ́, "Madam, sànnu," ó kù díẹ̀ kí n sunkún. N ò sun. Mo fọṣọ.

Wẹ́sìdeè, 15
Ọ̀gá Funfun — ọkọ mi, ẹni tí kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ funfun — tún ju bùbá mẹ́ta sí báàfù mi. Ó kọjá lọ.

Fúráìdeè, 17
Ìyá rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n wo òkìtì aṣọ, wọ́n wò mí. Wọ́n ní kí n má padà sí mínísírì mọ́ tí ìsinmi ìbímọ mi bá parí, nítorí ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Òótọ́ ni. Ọwọ́ ọmọ wọn ńkọ́? Ó ń wo bọ́ọ̀lù. Kò gbin. Àìgbin yẹn ló dùn mí jù.

Sátidé, 18
N ò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní Mọ́ńdè, 3 Oṣù Kejì, màá padà.

Sátidé, 25
Okùn aṣọ wa dábùú ọ̀nà tí Ọ̀gá Funfun ń gbà lọ síbi mọ́tò. Màmá ní, "Ìyàwó, tètè ká yẹ̀rì rẹ. Ọkùnrin kì í gba abẹ́ ẹ̀ kọjá." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń sáré ká a láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Ọkàn mi ti ń ro nǹkan.

Sọ́ńdè, 26
Mo sá gbogbo yẹ̀rì mi láti ògiri dé ògiri.
Ọ̀gá Funfun jáde, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ó dúró gbagidi. Ó pè mí. Mo ń fún ọmọ lóúnjẹ. Ó ní kí n wá ká a, ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pẹ́. Mo ní ó ti gbẹ, kó ká a. Màmá ní háà. Mo ní, "Mà, abẹ́ ẹ̀ lẹ ní kó má gbà. Ẹ ò ní kó má fọwọ́ kàn án."
Ó ká a wúruwùru. Gbogbo wa pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, inú mi sì dùn títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn.

Ọjọ́bọ̀, 30
Bùbá Ọ̀gá Funfun ṣì wà nínú agbọ̀n. Kó máa wà níbẹ̀.

Sátidé, 1 Oṣù Kejì
Ọ̀gá Funfun jí, ó gbé báàfù. Bùbá rẹ̀, lẹ́yìn náà ti Onítọ̀. Ìyá Rahmah, aládùúgbò wa, yọjú lórí ògiri: "Kai! Daddy Ìtùnú!" Ó ń fọ̀ ọ́ lọ.
Màmá wọlé, mo gbọ́ tí wọ́n ń tú báàgì. Mo ní ó tán, wọ́n ń lọ. N ò dìde lọ bẹ̀bẹ̀.
Wọ́n jáde pẹ̀lú ìró méjì. Wọ́n jù ú sínú báàfù ọmọ wọn.
"Fọ̀ ọ́ kó mọ́. Bàbá rẹ ò fọ ọ̀kan rí títí ó fi kú."
Wọ́n gba Onítọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ iṣẹ́ mi sílẹ̀ de Mọ́ńdè.