Apẹ̀rẹ̀ Ẹyin Ọjọ́ Ìsinmi: Ìtàn Ayé Olóògbé Ọmọ́níyì Àkàndé Gbénró (1974–2018)

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, àwọn awakọ̀ ojú irin da iṣẹ́ sílẹ̀, èrò sì há mọ́ ara wọn ní ibùdókọ̀ Porta Nuova ní Torino. Olúfúnkẹ́, oníṣẹ́ irun, ń wá ọ̀nà àtidé Moncalieri. Bó ṣe gbójú sókè, ojú òun àti ti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin. Ọkùnrin náà ru apẹ̀rẹ̀ ẹyin sórí bí ẹni tó ń ti oko bọ̀. Èrò ń tì í síwá sẹ́yìn, ẹyin kan kò fọ́. Olúfúnkẹ́ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ariwo gbogbo èrò yẹn sì rọlẹ̀ létí àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọkùnrin yẹn ni ẹ wá bá wa sin lónìí.

Ìgbòho ni wọ́n bí wọn sí, ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1974. Bàbá wọn ni Olóògbé Ògúnbíyìí Gbénró, àgbẹ̀ oníṣu tí àwọn ará àdúgbò máa ń dúró wo ebè rẹ̀. Ìyá wọn ni Màmá Ìbíwùmí, tí wọ́n ṣì wà láyé. Ọ̀fọ̀ ni èyí, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ wa kò bá tò dáadáa.

Ọdún 1992 ni wọ́n jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ọkọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní, “Èmi àti oko, ó di gbére.”

Màmá ní, “Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Oko ò tíì sọ tirẹ̀.”

Ní 2004, wọ́n dé Ítálì, wọ́n sì ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Alessandria títí iṣẹ́ fi tán ní 2009. Ẹni tó sá fún oko ní Ìgbòho, oko ló tún nawọ́ sí i nítòsí Novara: ilé oko tí wọ́n ń pè ní cascina, ti bàbá kan tó ń jẹ́ Aldo, olóko ìrẹsì àti màlúù. Ohun tó rú gbogbo wa lójú ni pé inú wọn dùn níbẹ̀. Nínú ilé ọtí ìletò náà, àwọn bàbá arúgbó á máa ta káàdì, wọ́n á máa jiyàn lórí ọjọ́ tó yẹ kí omi wọ oko. Omo ni wọ́n gé orúkọ wọn kúrú sí. “Omo, kí lo rí sí i?” Àwọn olóògbé á fi Yorùbá dá wọn lóhùn, àwọn bàbá náà á sì máa mi orí bí ẹni tó gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 2011, wọ́n gbé Olúfúnkẹ́ níyàwó nínú ìjọ wa ní Torino. Ìyàwó ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Ọlábísí. Ọkọ wà lọ́dọ̀ màlúù. Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń rí ara wọn. Àwọn olóògbé á fún wàrà tán kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ wá, wọ́n á sì dé ṣọ́ọ̀ṣì tòun ti òórùn agbo ẹran. “Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jókòó létí fèrèsé,” ni àwọn agbàlejò máa ń sọ. Síbẹ̀, kò sí ìyá ọlọ́mọ tuntun kan nínú ìjọ tí kò mu nínú wàrà wọn.

Nẹ́tíwọ̀kì kì í dúró ní cascina, nítorí náà abẹ́ ẹyin inú apẹ̀rẹ̀ tí ọkọ ń gbé wá lọ́jọọjọ́ Ìsinmi ni tọkọtìyàwó ń fi ìwé tí wọ́n kọ síra wọn sí. Ní 2014, Olúfúnkẹ́ bá ìwé kan níbẹ̀: “Fúnkẹ́ mi, ìgbà wo lẹ máa kó wá bá mi gbé?” Ẹ sì mọ̀ pé bí ọmọge kò bá tíì fọhùn, ọkọ á mú ẹ̀bùn ìṣíhùn wá. Ọmọ màlúù kan ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n sọ ọ́ ní Funke.

Wọn kò sọ fún ìyàwó. Lọ́jọ́ tó lọ kí wọn, ó gbọ́ tí Aldo ń jágbe, “Funke! Jáde níbẹ̀, ọ̀jẹun!” Ó sáré jáde jẹ́ ẹ, “Sì, signore?” Màlúù tẹ̀lé e jáde.

“Àkàndé, ẹ fi orúkọ mi sọ màlúù?”

“Èyí tó lẹ́wà jù nínú agbo ni.”

Ó bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti ń lọ. Ìgbà tó bá ti ń lọ ni Màmá Ọlábísí á dá a padà: “Ìwọ náà tó o sá fún oko nílé, oko òyìnbó lo fẹ́ lọ kú sí? Kí la fẹ́ wí fún wọn nílé?” Victory, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn méjèèjì, ní tirẹ̀ á ní, “Mamma, io voglio le mucche!” Màlúù lòun fẹ́. Olúfúnkẹ́ kò mọ ti ẹni tí ì bá gbọ́.

Nígbà Kérésìmesì 2017, ó kọ ìdáhùn ìwé yẹn. Ó fi í sínú báàgì rẹ̀. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ó fẹ́ fi í sínú apẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kọ̀. Àwọn olóògbé á yọjú wo inú apẹ̀rẹ̀ òfìfo, wọ́n á ní, “Kò burú.” Wọ́n á gbé e lọ. Olúfúnkẹ́ sún un sí Ọjọ́ Àjíǹde.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, ọdún yìí, àyà dì wọ́n mú nínú ilé màlúù láàárọ̀. Kí Olúfúnkẹ́ tó ti Torino dé ọsibítù ní Novara, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ibi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ni Aldo ti pè é lórí fóònù. Kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti kú. “Signora, sọ fún Omo pé Funke ti bí. Tọmọ tìyá ló wà lálàáfíà.” Olúfúnkẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Nọ́ọ̀sì kò mọ èyí tí yóò bá a ṣe.

Níbo ni ká sin wọ́n sí? Ìjọ ní Torino. Àwọn ẹbí ní Ìgbòho, níbi tí ìwọ́ wọn wà. Aldo náà ṣí fìlà wá, ó ní ìletò ti ya àyè sílẹ̀ fún Omo. Orí gbogbo wa dàrú. Màmá Ìbíwùmí ló sọ̀rọ̀ lórí fóònù: “Ìyàwó mi, níbo lo máa gbé? Ibi tó o bá wà ni kí ẹ sin ọmọ mi sí, kí ó má baà dá wà.”

Màmá Ìbíwùmí, Olúfúnkẹ́ aya wọn, Victory àti Démiládé ọmọ wọn, àti àwa ẹbí ni wọ́n fi sáyé lọ. Wọn kò dúró rí ọmọ-ọmọ tí Funke màlúù bí fún wọn. Àkàndé, ọmọ Ògúnbíyìí, ẹ sinmi láìsí aago màlúù tí yóò jí yín. Kí ilẹ̀ Novara tí ẹ ro fúyẹ́ lára yín. Ẹ sùn ire o.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, nígbà tí a wọṣọ fún wọn tán, Olúfúnkẹ́ gbé apẹ̀rẹ̀ náà wá. Kò sí ẹyin níbẹ̀. Ó mú ìwé náà jáde, ó kà á sókè: “Mo ti gbà. Èmi àti àwọn ọmọ ń bọ̀ wá bá yín gbé ní cascina.” Ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì rọra pa àwọn ìka wọn dé lé e.