Òfin Keje Misturat

Ojúlé Kọkànlá,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìsẹ́yìn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Keje, 2025.

Jùmọ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtọkànwá,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara bàbá àwọn ọmọ ti le dáadáa? Orúnkún ìyá ńkọ́, ṣé ó ti gbà kí wọ́n máa rìn dé ọjà? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òjò ọdún yìí kàn ń fi àwọn àgbẹ̀ wa ṣeré ni. Tàófíìkì ọkọ mi ní kí n kí ọ, ó sì ní wàrà Ìlọrin tí o ṣèlérí, ojú ọ̀nà ni òun ṣì ń wò.

Ǹ bá ti pè ọ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Misturat ọmọ mi ti jáde ní píràmárì, ó sì ń lọ sí girama. O rántí ohun tí dókítà Ìbàdàn sọ fún wa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, pé ọ́tísíìmù ni, pé kì í ṣe àìsàn, bí Ọlọ́run ṣe dá ọpọlọ tirẹ̀ nìyẹn. Bí agogo bá dún lójijì, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, á sì máa mì síwá sẹ́yìn. Bí a bá sì ṣe sọ̀rọ̀ náà ló ń gbà á. Níjọ́sí, mo ní kó fojú sí ọbẹ̀ fún mi. Ọbẹ̀ jóná lójú rẹ̀. Ó ní mo ní kí òun fojú sí i, n kò ní kí òun sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi di òǹkàwé òfin ilé-ìwé. Àwọn ìyá yòókù ń bèèrè iye ọmọ tó yege ìdánwò, èmi ń bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó bá di etí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dìde láìgba àṣẹ, atẹ́gùn lè gbé òrùlé lọ, Misturat á jókòó síbẹ̀.

Ilé-ìwé àkọ́kọ́ tí a lọ gbajúmọ̀, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìwé òfin wọn nípọn, ó ń dán. Ojú ewé kìn-ín-ní ní tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gba gbogbo ọmọ. Ojú ewé kejìlélógún ní ọmọ tó bá nílò àmójútó á mú olùtọ́jú tirẹ̀ wá. Mo fi bírò fa ìlà sí i nídìí. Òfin kẹta ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kí olùkọ́ bó ti yẹ, ìyẹn ni kò bà mí lẹ́rù rárá. O mọ̀ pé kò sí ohun tí Yorùbá kò ní "ẹ kú" rẹ̀. Misturat ti sọ ọ́ dòfin. Ohun tó bá bá ọ lẹ́nu rẹ̀ ló máa kí ọ fún. Ojú mi báyìí ló ṣe kí bàbá onílé wa tó ń họ orí pé, "Ẹ kú orí yíyún."

A wọlé, igbákejì ọ̀gá ń jágbe mọ́ ẹnì kan lórí fóònù. Ọmọ mi kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ kú ìbínú, mà."

Jùmọ̀kẹ́, ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọlé sínú ẹ̀. Mo ṣàlàyé títí, obìnrin náà kàn ń fi ìka kan òfin kẹta ni. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó títí di ìsinsìnyí: irọ́ wo ni ọmọ náà pa? Lórí ọ̀kadà tí a gbà délé, Misturat ní, "Ẹ kú ìrònú, Màámi." Mo ní, "Hùn-ún."

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a lọ sí èkejì, ilé-ìwé kékeré kan lójú ọ̀nà Ìgànná. Bébà méjì péré ni òfin wọn, kò sí ohun kan níbẹ̀ nípa irú ọmọ mi. Mo bi ọ̀gá wọn, Ìyáàfin Mọ́ládé, ohun tí wọ́n máa ṣe. Ó ní, "N kò mọ̀ o. A kò tíì ní irú rẹ̀ rí. Ẹ kọ́ mi." Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń tú orí tábìlì. Kí n tó dí Misturat lẹ́nu, ó ti kúnlẹ̀: "Ẹ kú ìwákiri, mà. Orí yín ni awò ojú yín wà."

Mo di ojú. Obìnrin náà fọwọ́ kan orí, ó rẹ́rìn-ín débi tó fi jókòó. Ó wá ní, "Ìwọ náà, kú àkíyèsí."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀rẹ́ mi. "Hùn-ún" ni gbogbo wa ń sọ, èmi náà ń sọ ọ́, ó sì dùn mí nígbà tí mo rántí.

Ìyáàfin Mọ́ládé gbé òfin náà fún un pé kó kà á. Ó dé orí ẹ̀kẹfà, ó dúró: Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ di etí sí ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ó ní, "Màámi, n kò lè wá síbí. Bí agogo bá dún nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ ńkọ́?" Mo fẹ́ ṣàlàyé pé àìgbọràn ni wọ́n ń wí. Obìnrin náà dá mi dúró, ó mú bírò, ó bi ọmọ náà bó ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Misturat ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ lè di etí sí agogo." Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀, òfin keje, ó fọwọ́ sí i, ó kọ déètì.

Tàófíìkì ní òfin tí wọ́n fi bírò kọ, bí wọ́n bá gbé obìnrin náà kúrò ńkọ́? Òótọ́ ló sọ. Mo padà lọ sọ ọ́ fún Ìyáàfin Mọ́ládé, ó sì ṣèlérí pé òun á kà á sétí gbogbo olùkọ́ kí wọ́n tó gba ìsinmi. Wọn ò ní yàrá sáyẹ́ǹsì gidi o. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀.

Láàárọ̀ yìí ni mo kọ fọ́ọ̀mù ilé-ìwé kékeré náà. Misturat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń to bọ́tìnnì. Ó ní, "Ẹ kú ìsinmi, Màámi." Mo fẹ́ sọ pé ìwé ni mo ń kọ, n kò sinmi. Ìgbà náà ni mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí dókítà Ìbàdàn ti bá wa sọ̀rọ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní tí ọkàn mi sinmi nìyí. Mo ní, "Ìwọ náà, kú àkíyèsí, ọmọ mi."

Bá mi kí ìyá àti bàbá àwọn ọmọ. Bí o bá ń bọ̀ wálé ní Iléyá tó ń bọ̀, jọ̀ọ́, mú wàrà dání, kí o sì ṣọ́ra fún ohun tí Misturat máa bá lọ́wọ́ rẹ. Kí o sì dá a lóhùn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Waheedat